Ọmọ Tí Yóò Ṣe Iṣẹ́ Ìlera: Ìgbà Wo Ni Kí A Bẹ̀rẹ̀ Ìmúrasílẹ̀ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìkéde ẹgbẹ́ wa bá àwọn òbí, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ

  

Ohun tí a pè yín sí lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa lọ́dọọdún, nígbà tí èsì ìdánwò ilé-ìwé girama bá jáde. Òbí yóò fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá, yóò sì wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá ọ̀nà tí ọmọ yìí yóò fi di dókítà." Nígbà tí a bá gba ìwé èsì náà wò, a óò rí i pé ọmọ náà yege. Ó mọ ìtàn, ó mọ ẹ̀kọ́ nípa ìjọba, ó mọ Bíbélì. Ṣùgbọ́n kò sí kẹ́mísírì níbẹ̀, kò sí físíìsì, kò sì sí báyọ́lọ́jì. Ọmọ kò ya ọ̀lẹ, bàbá kò sì láhun. Ilẹ̀kùn ni ó ti tì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé tí ó gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tí ó ń tì.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etígbọ̀ọ́ yín kí ó tó pẹ́ jù. Ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ ìlera kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá ń wá owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga kiri. Nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ọ̀dọ̀ yín ni ó ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó ṣì ń bá yín lọ sí oko ní ọjọ́ Sátidé.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ni ẹgbẹ́ òṣèlú ń wá nínú ọ̀rọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí. Ní ọdún 1902, ìjọba àmúnisìn kó iṣẹ́ ìwòsàn gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí abẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ni a óò gbà sínú rẹ̀. Kì í ṣe pé a kò ní dókítà nígbà náà. Nathaniel King ti gba oyè ìṣègùn ní ilẹ̀ òkèèrè ṣáájú àkókò yẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Obadiah Johnson, àbúrò Àlùfáà Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn Yorùbá. Ìwé ẹ̀rí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ ara ni a wò.

Nígbà tí ìjọba náà dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábàá ní ọdún 1930, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti jẹ́, kì í ṣe dókítà pípé tí ó lè bá òyìnbó dọ́gba. Ìbínú lórí ẹ̀kọ́ àbọ̀ tí wọ́n ń fún wa ní Yábàá wà lára ohun tí ó bí Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Èkó ní ọdún 1934, èyí tí ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní ọdún 1936. Ta sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́? Dókítà ni: James Churchill Vaughan, tí ó kọ́ ìṣègùn ní Glasgow. Ẹ̀yin ará, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ta ni yóò kọ́ ìṣègùn, irú ìṣègùn wo ni yóò sì kọ́, wà ní ìpìlẹ̀ ìjà òmìnira ní ilẹ̀ yìí. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sí i.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ pàápàá ti san owó rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ yín ní ayé Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò san gbogbo iye tí ayé ń ra kòkó fún yín. Ìyókù tí wọ́n fi pamọ́ wà lára owó tí a fi ṣe iṣẹ́ ìlú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lónìí ni wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, pẹ̀lú sílétì lọ́wọ́, láìní bàtà lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn tí a ní ó ń tì. Ní ìparí ọdún kẹta ní ilé-ìwé girama ni a ń pín àwọn ọmọ. Àwọn kan yóò lọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, àwọn kan sí ti èdè àti ìtàn, àwọn kan sí ti òwò. Ọmọ náà kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń yàn kò ju ibi tí ọ̀rẹ́ wọn bá lọ, tàbí olùkọ́ ìṣirò tí ó na ẹgba jù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí yóò bá kọ́ ìṣègùn, tàbí ìtọ́jú aláìsàn, tàbí ìpoògùn ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Nínú ìdánwò JAMB, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, Gẹ̀ẹ́sì àti sáyẹ́ǹsì mẹ́ta wọ̀nyẹn ni yóò tún ṣe. Kò sí ẹyọ kan tí a lè fi òmíràn dípò nínú wọn. Ọmọ tí ó bá fi físíìsì sílẹ̀ ní ọdún kẹrin nítorí pé ó le, ìṣègùn ni ó fi sílẹ̀ yẹn, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni kí ẹ lọ sí ilé-ìwé ní ọdún kẹta náà. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ béèrè kíláàsì tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ yín sí, kí ẹ sì béèrè ìdí rẹ̀. Bí ìṣirò ni kò mọ̀, ọdún mẹ́ta ṣì wà níwájú láti wá olùkọ́ fún un. Owó tí ẹ óò san nígbà náà lè kéré sí èyí tí ẹ óò máa san lẹ́yìn náà fún ìdánwò tí ó ń tún ṣe léraléra.

Àwọn kan á ní ọmọ ará ìlú ńlá ni sáyẹ́ǹsì wà fún, pé ọmọ àgbẹ̀ kò rí i rí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo igi kòkó yín. Nígbà tí òjò bá pọ̀, àmì dúdú kékeré kan yóò yọ lára èso, kò ní ju ojú owó lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, yóò ti ràn ká gbogbo èso náà, èyí tí ó kàn án lórí igi yóò sì gbà á. Ohun tí ń fà á kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ní ojú, ó jọ ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìran kan náà. Ọ̀tọ̀ sì ni kòkòrò tí ń ki ẹnu ṣóńṣó bọ ara igi, tí ń fa omi ara rẹ̀ mu títí ẹ̀ka yóò fi gbẹ. Èyí ni àwọn bàbá wa ń fi Gàmàlíìnì pa, kí a tó mọ̀ dájú pé májèlé náà kò mọ kòkòrò nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹni tí ó bá fọ́n oògùn kòkòrò sí èso tí ń dúdú ti da owó rẹ̀ nù. Oògùn kọ́pà ni ó ń dá ti èso dúdú dúró. Àrùn méjì ni, okùnfà méjì ni, oògùn méjì ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú ara ènìyàn. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ ní oògùn tirẹ̀. Ọgbẹ́ tí ó ń ṣe ọyún ní tirẹ̀. Ọ̀fìnkìn lásán kò tilẹ̀ fẹ́ ju ìsinmi, omi àti sùúrù lọ. Ẹni tí ó ń ra kápúsù aláwọ̀ méjì lọ́wọ́ oníkiri nínú ọkọ̀, tí ó ń lò ó fún gbogbo àìsàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, Gàmàlíìnì ni ó ń fọ́n sí èso dúdú. Ìdí tí ẹ fi ń ká èso tí ó ti bàjẹ́ kúrò lórí igi, tí ẹ kì í sì í kó o jọ sí ìdí kòkó tí ara rẹ̀ le, ni ìdí kan náà tí ilé ìwòsàn fi ń ya alárùn tí ń ràn sọ́tọ̀. Bàbá tí ó bá ṣàlàyé èyí fún ọmọ rẹ̀ láàárín ebè ti kọ́ ọ ní báyọ́lọ́jì. Kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà ṣírò iye oògùn tí yóò wọ inú omi pọ́ǹpù kan, kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé bí omi bá dín sí ìdajì ńkọ́. Kí ọmọ má fọ́n oògùn o! Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ìṣirò rẹ̀ ni a ń wí, nítorí irú ìṣirò yẹn ni nọ́ọ̀sì ń ṣe nígbà tí ó bá ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ fún ọmọ ọwọ́, bí ó bá sì ṣì í, kì í ṣe èso kòkó ni yóò bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀, a kò sì ní fi ojú fò ó. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọmọ tí yóò di dókítà kò gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá nínú ilé, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti mọ ohun tí ń jẹ́ èémí, iṣan, àti bí oúnjẹ ṣe ń di ẹ̀jẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, orúkọ tuntun nìkan ni yóò kọ́ nígbà tí ó bá dé inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì.

Ju ìyẹn lọ, aláìsàn kì í ṣàìsàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá kan yóò dé, yóò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni ó ń ṣe ọmọ òun. Ẹlòmíràn yóò ní inú ń run òun, ẹlòmíràn yóò ní àyà ń já òun. Bàbá àgbàlagbà kan yóò ní nǹkan kan ń rìn nínú orí òun, kò sì mọ̀ bí ó ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yóò máa yẹ ìrun orí wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìbànújẹ́ ọkàn tí ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ara. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò ní ọdún 1954, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àwọn alárùn ọpọlọ. Ó fi ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n máa rí oko àti ọjà bí ènìyàn, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Aráyé wá láti ìlú òkèèrè wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa tàbí tí kò mọ àṣà wa kò lè ronú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yí ojú sí àwọn tí wọ́n rò pé iṣẹ́ dókítà nìkan ni iṣẹ́ ìlera. Oguntọ́lá Sàpárà, tí baba rẹ̀ ti ìdílé Iléṣà wá, ni a bí ní ọdún 1861. Kí ó tó di dókítà, ó ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì ti po oògùn ní ọsibítù ní Èkó. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀n ọdún márùndínlógójì ni ó sún mọ́ nígbà tí ó gba oyè. Òun ni ẹni tí ó ṣèwádìí àrùn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tí a ń pè ní ilẹ̀ gbígbóná. Ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó rí i pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá ara aláìsàn tan àrùn náà kálẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó mú kí òfin fi de ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1917. Ọdún 1970 ni Nàìjíríà rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní àrùn náà. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń po oògùn ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ sì ń kígbe pé ó ti pàdánù, ẹ fi ọkàn balẹ̀.

Kofoworọlá Abẹ́ní Pratt ńkọ́? Olùkọ́ ni òun náà tẹ́lẹ̀, tí ó gba ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ obìnrin ti àwọn míṣọ́nnárì ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1946. Nígbà tí ó padà wálé, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di mátírọ́ọ̀nù ní UCH, Ìbàdàn, ọsibítù ńlá tí a ṣí ní ọdún 1957.

Ẹ tún gbọ́ ti Ìmẹ̀sí-Ilé. Dókítà David Morley, òyìnbó kan tí ó ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà láti ọdún 1956 sí 1961, rí i pé àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ń kú láti ọwọ́ ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, ibà àti àìjẹunrekánú. Ó dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún wọn ní abúlé. Kì í ṣe dókítà ni ó ń rí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà. Àwọn nọ́ọ̀sì wa ni. Wọ́n ń wọn ọmọ lórí ìwọ̀n, wọ́n ń fa ìlà lórí káàdì, ìyá ni ó sì ń gbé káàdì náà lọ sí ilé. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró tàbí tí ó sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti mọ̀ kí àìsàn tó fojú hàn. Ikú ọmọdé dín kù púpọ̀ ní ìlú náà. Lónìí, irú káàdì yẹn ni a ń lò káàkiri ayé. Bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ ìyá kan ní Índíà, ẹ mọ̀ pé láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó ti rìn dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má wò ó bí ìtìjú bí ọmọ kò bá rí àyè kọ́ ìṣègùn. Ìṣègùn gba ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ọdún kan lábẹ́ àwọn àgbà dókítà ní ọsibítù, àti ọdún kan fún sísin ilẹ̀ bàbá. Nọ́ọ̀sì tí ó gba oyè ní yunifásítì yóò lo ọdún márùn-ún. Ẹni tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò ní yàrá àyẹ̀wò yóò lo bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tí ó wà ní Ẹléyẹlé ní Ìbàdàn, ní Ìlésẹ̀-Ìjẹ̀bú, ní Iléṣà, ní Ìjerò-Èkìtì àti ní Yábàá ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìletò, nǹkan bí ọdún mẹ́ta sì ni. Òṣìṣẹ́ ìletò yìí ni ẹ óò kọ́kọ́ bá ní òru bí ejò bá bu ènìyàn jẹ ní oko. Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá mọ èyí: láti ọdún 1963 ni wọ́n ti ń rán àwọn tí ń kọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, kí wọ́n lè mọ̀ bí àìsàn ṣe ń rí ní ibi tí omi ẹ̀rọ kò dé.

Nípa owó, ọ̀rọ̀ wa kò ní gùn, ṣùgbọ́n yóò le. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ yín láti fi ọmọbìnrin yín kọ́ "nọ́ọ̀sì" ní ilé ìwòsàn aládàáni fún oṣù díẹ̀, tí wọ́n á wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun, tí wọ́n á sì ní ó ti parí. Òfin kò mọ irú wọn ní nọ́ọ̀sì. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ béèrè bóyá Ìgbìmọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ ṣọ́ra bákan náà fún àwọn ibi tí a ti ń kọ ìdáhùn ìdánwò sójú pátákó fún ọmọ. Ọmọ tí a bá ra kẹ́mísírì fún yóò dé iwájú aláìsàn ní ọjọ́ kan, aláìsàn náà sì lè jẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ra á. Ẹ má sì ta oko tán nítorí ọdún àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́fà ni, oko ni yóò san ti ọdún kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin, a kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti bá yín sọ ju pé Elizabeth Abímbọ́lá Awoliyi gba oyè dókítà ní Dublin ní ọdún 1938, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní ilé, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ṣì ń sọ pé ilé ọkọ ni ìwé obìnrin ń parí sí, kí ó lọ bá àwọn tí obìnrin yìí gbẹ̀bí wọn sọ ọ́.

Ìwà ń kọ́? Òun náà ni kí a fi pamọ́ sínú ọmọ láti kékeré. Ní oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó nínú ọkọ̀ òfuurufú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó kúrò ní ọsibítù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn alágbára ń fúngun mọ́ ọn. Àrùn náà mú un, ó sì kú ní oṣù kẹjọ. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà ni a kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Obìnrin yìí wà nínú ìran kẹta tí Herbert Macaulay bí. Ọmọ tí kì í lè sọ pé "rárá" fún àgbà tí ó ń ṣe àṣìṣe kò ní lè ṣe ohun tí ó ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa bi yín ní ìbéèrè, kí ó sì máa fi ọ̀wọ̀ takò yín bí ó bá ní ìdí.

Ẹ̀yin mìíràn ń kùn pé, "Bí a bá kọ́ wọn tán, òkè òkun ni wọn yóò lọ." Òótọ́ ni. Ní ọdún 2023, àwọn dókítà tí wọ́n gba oyè ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju 10,000 lọ. Àwọn tí wọ́n kọ̀ láti gba dókítà wa sí iṣẹ́ ní ọdún 1902 ni wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà wọ́n báyìí, láìsan kọ́bọ̀ nínú owó tí a fi kọ́ wọn. Ní ọdún 2023 kan náà, a gbé àbá kan lọ sí Ilé Aṣòfin ní Abùjá pé kí dókítà ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé kí a tó fún un ní ìwé àṣẹ pípé. Àbá náà kò di òfin, kò sì dùn wá. A kì í so ẹran mọ́lẹ̀ láìfún un ní koríko. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń béèrè ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ ìletò tí ó bá fọwọ́ sí i pé òun yóò padà wá ṣiṣẹ́ ní ìletò fún iye ọdún kan, kí wọ́n sì fún un ní ilé, iná, omi àti owó oṣù tí kì í pẹ́. Àdéhùn ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ọmọ tí ó dàgbà láàárín yín, tí ó gbọ́ èdè yín, tí ìyá rẹ̀ sì wà ní òpópónà kejì, ni ó ṣeé ṣe jù kí ó dúró.

Níwọ̀n ìgbà tí a kò tí ì rí èyí gbà, ẹ jẹ́ kí a ṣe èyí tí ó wà ní ọwọ́ wa. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ ọmọ-ẹgbẹ́ tí wọ́n wà ní ọdún kejì àti ìkẹta ní ilé-ìwé girama, kí ó sì kọ bí wọ́n ṣe ṣe sí nínú ìṣirò. Kí ó tún kọ orúkọ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó bá wà ní agbègbè náà, ìbáà ti fẹ̀yìn tì, tí yóò lè kọ́ wọn ní ọjọ́ Sátidé. Kí ó wádìí bóyá ilé-ìwé wọn ní awò tí ń mú ohun kékeré tóbi, èyí tí a fi ń wo kòkòrò àrùn, tàbí bóyá inú àpótí ni wọ́n tì í mọ́. Kí ìwé náà dé ọ́fíìsì wa kí táàmù tuntun tó bẹ̀rẹ̀.

A ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu yín báyìí. Àwọn ìyá tí wọ́n fẹ́ béèrè nípa ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni kí ó kọ́kọ́ dìde. A ti mú ìwé orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí dání.